Ẹni Tó Ń Ka Ìdákẹ́

Bọ́ọ̀sì bàjẹ́ lójú ọ̀nà, mo pẹ́ dé.
Wọ́n ti pín gòjé tán, wọ́n ti pín fèrè tẹ́ẹ́rẹ́,
Tamsin ti di kìlarinẹ́ẹ̀tì mọ́ àyà, kò fẹ́ kí n wò ó.
Túbà nìkan ló kù,
ó jókòó sí igun bí ìyálé tí wọn ò pè síbi ìkómọ.

Ọ̀gbẹ́ni Haskins wò mí láti orí dé ẹsẹ̀,
ó wo túbà, ó tún wò mí.
"Halina, ṣé o lè gbé e?"
Mo ní mo lè gbé e. Irọ́ ni.

Nínú àpótí rẹ̀, lábẹ́ aṣọ tó ti ṣá,
àwọn tó ti lò ó rí fi ìṣó kọ orúkọ wọn:
Corwin. Lavelle. Inés.
Ẹnì kan kọ "Ẹ gbà mí," kò kọ orúkọ.

Awakọ̀ ní kí n sanwó èèyàn méjì.

Ní Lackawanna, níbi tí a ń gbé,
ilé iṣẹ́ irin ti kú kí wọ́n tó bí mi.
Bàbá àgbà Leszek lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níwájú ìléru,
eruku irin sì gbé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ mì díẹ̀díẹ̀.
Ẹ̀rọ ló ń bá a mí báyìí:
fùú, kẹ́. Fùú, kẹ́.

Ẹ̀yìn ògiri rẹ̀ ni mo ti ń kọ́ èémí.
Wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀, kí n gbé ìwé atúmọ̀ èdè lé ikùn,
kí n fi èémí gbé e sókè.
Mo gbé e. Mo fa èémí tó tó èèyàn mẹ́ta,
ojú sì ń tì mí, nítorí ògiri ilé wa ò nípọn.
Ohùn àkọ́kọ́ tó jáde,
Bàbá àgbà béèrè pé, "Ta ló ń pa màlúù?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ìdákẹ́ ni iṣẹ́ onítúbà.
Nínú orin oṣù kejì, àwọn onígòjé ò sinmi,
ọwọ́ wọn ń yára bí ọwọ́ ẹni tó ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì.
Tèmi: ìlà gbọọrọ kan, nọ́ńbà kan lórí rẹ̀.
Ìwọ̀n mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún kí n dákẹ́, kí n máa kà.
Lẹ́yìn náà, ohùn mẹ́rin.
Lẹ́yìn náà, kí n tún dákẹ́.

Ọ̀kan-méjì-mẹ́ta-mẹ́rin,
méjì-méjì-mẹ́ta-mẹ́rin,
mo kà á nínú bọ́ọ̀sì, mo kà á nídìí abọ́ fífọ̀.
Bàbá àgbà gbọ́, ó bá mi kà á.
"Kíkà náà ni nídìí ìléru," ó ní.
"Bí o bá ṣílẹ̀kùn kí àkókò tó pé, wàá sin ọ̀rẹ́ rẹ."

Lálẹ́ ọjọ́ náà yìnyín dé orúnkún.
Màmá gbé ẹ̀rọ, ó gbé bàbá rẹ̀, ó tún padà wá gbé bàtà rẹ̀ kan tó bọ́.
Wọ́n jókòó sí ìlà ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn,
táì pupa lọ́rùn rẹ̀, rọ́bà nímú.

Ní bí ogójì, Desmond tó ń lu àwo idẹ sọ kíkà nù.
Ó wò mí. Mi ò mi orí.
Mo gbé túbà sókè,
mo rí Bàbá àgbà lókè orí àwọn onígòjé:
ìka rẹ̀ ń lọ lórí orúnkún,
ó nà án sókè lójijì. Ó yá!

Márùndínlọ́gọ́rùn-ún ni mo kà.
Ìka rẹ̀ wà lókè, ó ń gbọ̀n.
Mi ò fọn ọ́n.
Ìwọ̀n kan yẹn gùn ju ọdún kan lọ.
Lẹ́yìn náà mo fọn ọ́n,
pákó orí ìtàgé sì gbọ̀n lábẹ́ bàtà mi.

"O pẹ́," ó ní nínú mọ́tò. "Ìwọ̀n kan gbáko."
Mo ní mi ò pẹ́.
Ó ní òun kà á.
Màmá ní kí àwa méjèèjì dákẹ́, ọ̀nà ń yọ̀.
A dákẹ́. Fùú, kẹ́.
Nígbà tí a dé orí afárá, ó yíjú sí mi:
"Mẹ́rin péré?"
Mo ní mẹ́rin ni.