Ọ̀pá Ojú Irin

Aago méjì òru ku díẹ̀, lẹ́yìn Òkè-Fìà.
Iná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́, bátìrì lápútọ́ọ̀pù mi ti ń mí gúlegúle,
Nọ́ọ̀sì Ìbídùn sì tún pè:
“Èsì ẹ̀jẹ̀ ọmọ Mùlíkátù dà?
Láàbù ní àwọn ti fi ránṣẹ́.”

Wọ́n fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Mo rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú àkọsílẹ̀ sáfà:
ó jáde ní láàbù, ó kan ilẹ̀kùn,
wọ́n bi í pé, “Ta lò ń bá wá?”
Ó dárúkọ ọmọ. Wọ́n ní àwọn kò mọ̀ ọ́n.
Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá lẹ́yìn náà
ni orúkọ ọmọ ọ̀hún ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, tó jókòó,
tó ń retí èsì tí wọ́n ti dà nù.

Kò sẹ́ni tó purọ́. Kò sẹ́ni tó jalè.
Àwọn méjì tó mọ iṣẹ́ wọn bí ẹní mowó
ni wọ́n ń sáré gba ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo,
èyí tó bá kọ́kọ́ dé ló ń pinnu ohun tó jẹ́ òótọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ ọ.
Bí mo bá ní kí kóòdù máa sọ ibi tó dé fún mi,
á fara balẹ̀ bí ọmọ tí olùkọ́ dúró tì.
Ìgbà ọgọ́rùn-ún, kò ṣì í.
Kí n pa ìlà yẹn rẹ́, kí n yíjú báyìí,
ó tún ti gbé èsì sọnù.
Fáròúnbí tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní kí n jẹ́ kó sùn díẹ̀,
kí sáfà sinmi ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá kó tó dáhùn.
Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ fún ọjọ́ kan.
Ọjọ́ kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì falẹ̀ ju ìdajì lọ,
ọ̀rọ̀ padà síbi tó wà.
Oorun kọ́ ni oògùn ìkánjú.

Bàbá mi ń ti búrẹ́dì bọ tíì nígbà tí mo rò fún un.
Ọdún mọ́kànlélógún ló lò ní téṣàn rélùwéè Òṣogbo;
kò mọ ohun tó ń jẹ́ sáfà.
“Ojú irin mélòó ni?”
Ẹyọ kan ni, Bàbá.
“Ta ló wá mú ọ̀pá dání?”

Ó ní láàárín Òṣogbo àti Ìkìrun nígbà tiwọn,
irin kan ṣoṣo: ọkọ̀ tó ń lọ, ọkọ̀ tó ń bọ̀.
Ọ̀pá kan ṣoṣo ló wà fún un.
Dírẹ́bà tí kò bá gbà á lọ́wọ́ òun,
ìbáà jẹ́ gómìnà ló gbé, á dúró.
“Kì í ṣe pé ó lọ́ra o. Ó ń dúró ni.
Àwọn tó ń lọ́ra gan-an ló máa ń forí sọra.”

Mo padà sídìí iṣẹ́. Mo lé oorun yẹn jáde.
Mo ní kí orúkọ ẹni tí ń retí kọ́kọ́ jókòó ná
kí ìbéèrè tó kúrò nílé.
Èsì tó bá sì yá ju olówó rẹ̀ lọ,
ẹ má dà á nù mọ́, ẹ fún un ní àga.
Mo gbẹ́ ọ̀pá kan fún aláìsàn kọ̀ọ̀kan:
ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan àkọsílẹ̀, kó gba ọ̀pá,
kó ṣe tirẹ̀, kó dá a padà,
kó dá a padà, bó tilẹ̀ ṣubú lójú ọ̀nà,
torí èyí tó bá gbé ọ̀pá kú ti pa ọ̀nà dé.

Ìlà mọ́kànlá péré.

Alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, Ìbídùn kọ̀wé: “Ó ń wọlé.”
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Ṣùgbọ́n wọ́n ti tún ẹ̀jẹ̀ ọmọ Mùlíkátù fà,
apá kan náà, igbe kan náà,
nítorí ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún.
Mo kọ ọ́ sórí ìlà àkọ́kọ́,
níbi tí ẹ̀rọ máa ń fò, tí èèyàn nìkan ń kà:
*Ọmọ kan gba abẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.
Má yọ ọ̀pá yìí.*