Ẹ̀rọ Ìlọta Tánímù

Ní Sábó Gàrí, ní Zaria, ògiri kan ló là wá láàárín,
èmi àti ẹ̀rọ ìlọta Málàm Tánímù.
Ọdún kẹsàn-án rèé tó ti ń bú ramúramù lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí mi.
Àlejò á jókòó, á fajú ro, á ní,
"Ìyá Morádékẹ́, báwo lẹ ṣe ń fara da ariwo yìí?"
Màá ní, "Ariwo wo?"
Kì í ṣe àwàdà.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ń ṣe ọnà sọ́rùn bàbáńrígà ọkọ ìyàwó kan,
mo ń ka ojú rírán: mẹ́tàlélógójì, mẹ́rìnlélógójì.
Morádékẹ́ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pè mí.
Ó ní ẹ̀ẹ̀meje lòun pè kóun tó fọwọ́ kàn mí léjìká.
Èsì ìdánwò ló mú dání,
ẹ̀rín ti kúrò lójú ẹ̀.
Mo búra pé n kò gbọ́.
Ó wo etí mi méjèèjì
bí ẹni ń wo ilé tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa látinú.

Ọmọ yìí kan náà, nígbà tó wà lọ́mọ ọwọ́,
kó húkọ́ ẹyọ kan lóru,
kí òjò máa da òkúta sórí páànù,
màá ti dìde kí n tó mọ̀ pé mo jí.

Ní nǹkan bí aago mẹ́rin, bẹ́líìtì ẹ̀rọ já.
Ìgbà náà ni mo gbórí sókè.
Mo gbọ́ aago ara ògiri.
Mo gbọ́ omi tó ń kán sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì,
mo gbọ́ Tánímù tó ń fi èdè Hausa bẹ irin,
mo gbọ́ ẹnì kan tó ń fa imú nínú yàrá.

Bí n kò bá gbọ́ ọ láti àárọ̀,
ta ló wá sọ fún mi pé ó ti dákẹ́?
Ẹnì kan jókòó sí bodè etí mi,
ó ń gba èyí wọlé, ó ń lé tọ̀hún padà,
kò bi mí léèrè rí.
Ìwọ tí n kò mọ orúkọ rẹ,
bó o bá tún rí ọmọ yẹn lẹ́nu ọ̀nà,
jọ̀wọ́, má bi í níbi tó ń lọ.

Tánímù rí bẹ́líìtì mìíràn so. Ẹ̀rọ tún bú.
Mo gbé abẹ́rẹ́ sílẹ̀ kí n má baà gbàgbé pé mo ń gbọ́ ọ.
Mo lọ sẹ́nu ọ̀nà yàrá.
"Morádékẹ́."
Mo dúró.
"Morádékẹ́."
Mo ń kà á: ìkẹta. Ìkẹrin.