Rọ́ọ̀gì Alájà Sínọ́tù

Má tíì bu omi.
Ohun tí mo kọ́kọ́ ń wí fún ọmọ tó bá wá kọ́ṣẹ́ nìyẹn:
má tíì bu omi, Sùfiánù, gbé korobá yẹn kalẹ̀.
Eruku ni kó kọ́kọ́ jáde.
Eruku tó bá pàdé omi nídìí irun, ẹrẹ̀ ló ń dà,
ẹrẹ̀ tó bá gbẹ síbẹ̀, abẹ ló ń dà,
ojoojúmọ́ tí a bá tẹ̀ ẹ́ ni yóò máa gé irun jẹ nísàlẹ̀
tí òkè á ṣì máa dán.

Dojú rẹ̀ bolẹ̀ kó o tó lù ú.
Pankẹ́rẹ́ ni, kì í ṣe kóńdó.
Lù ú bí ẹni tí oúnjẹ há ọmọ rẹ̀ lọ́fun,
má lù ú bí ẹni tó mú olè.

Mo ti rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn oníkánjú.
Bàbá kan ní Lágbàdé da bílíìṣì sórí àbàwọ́n epo:
epo lọ, pupa lọ, ewé tí wọ́n hun sétí rẹ̀ náà lọ.
Ó gbé òkú rẹ̀ wá bá mi, ó ní kí n jí i.
Mo ní, Bàbá, afọrọ́ọ̀gì ni mo jẹ́,
n kì í ṣe Ànábì Ísà.

Ọjọ́ Àtàláátà ni Rísìkátù gbé ti ìyá rẹ̀ dé
láti Pópó-Ọba, nínú kẹ̀kẹ́ Màrúwá,
okùn àwọ̀n ló fi dì í.
Irun àgùntàn pọ́ńbélé, ó pọ́n bí ojú obì,
Alájà Sínọ́tù fúnra rẹ̀ ló rù ú bọ̀ láti Mẹ́kà.
"Bá mi fọ̀ ọ́ kó dà bíi tuntun.
Ẹnì kan ń bọ̀ láti Lẹ́kí tó fẹ́ rà á lọ́jọ́ Àlàmísì."
Ó nawọ́ sí ojú ibi mẹ́ta:
"Àbàwọ́n wọ̀nyí gan-an ni kó o bá mi wò."

Méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ọ̀kan wà níwájú.
Mo fi àkísà funfun àti fínígà díẹ̀ kàn án: aró kò ṣí.
Mo fi ìka wá irun, òwú ìdí ni ìka mi bá.
Mo ní, èyí kì í ṣe ẹ̀ẹ́rí.
Orúnkún méjì, iwájú orí kan,
ẹ̀ẹ̀marùn-ún lójúmọ́, ọdún mélòó?
Ó ní mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ó dákẹ́. Ó tún ní, "Ṣé o ò lè kùn ún?"
Aró wà ní ṣọ́ọ̀bù. Mo lè kùn ún.
Mo pe iye kan tí mo mọ̀ pé kò ní lè san.

Agolo mílíìkì méjì ni yanrìn tó jáde lára rẹ̀ kún,
pẹ̀lú kóró tẹ̀súbáà kan, ìpẹ́ ẹja kan tó ń dán síbẹ̀.
Omi òjò la fi fọ̀ ọ́, iyọ̀ wà nínú kànga etí ọ̀sà.
Ọṣẹ irun ọmọdé, búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀,
bí irun bá ṣe sùn ni kọ́wọ́ máa lọ.
A tẹ́ ẹ sórí àtẹ́ ọparun lábẹ́ ìbòòji,
afẹ́fẹ́ ọ̀sà ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ní ọjọ́ méjì.
Kóró tẹ̀súbáà yẹn, Sùfiánù ti fi sápò.
Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Àlàmísì pé. Rísìkátù bọ́ bàtà kó tó tẹ̀ ẹ́.
Ó béèrè bí wọ́n ṣe ń lé kòkòrò.
Mo ní káńfọ̀, inú àkísà ni kó o dì í sí.
Ká a bí ẹní, má pa á pọ̀ bí aṣọ.
Oṣù mẹ́fà mẹ́fà, yí orí rẹ̀ sí ibi tí ìdí wà,
kí ẹsẹ̀ má baà jẹ ojú kan tán.
Ó ń mi orí, ó ń kọ ọ́ sínú fóònù.
N kò béèrè ti ará Lẹ́kí lọ́wọ́ rẹ̀.
Ó san owó, ó ku ẹgbẹ̀rún méjì.
Ó ṣì kù ú títí dòní.