Ìṣó Kékeré Pupa

Nọ́ọ̀sì Adékọ̀gbẹ̀ fi àtàǹpàkò fa awọ abẹ́ ojú mi wálẹ̀,
ó wo inú rẹ̀ bí ẹni ń wo ìsàlẹ̀ ìkòkò.
"Síkírátù, ó ti funfun jù.
Irin ti ń tán nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ."

Mo rẹ́rìn-ín.
Báwo ni irin ṣe máa tán lára èmi,
èmi ìyàwó Múfútáù tí ń kan ọkọ̀ létí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́,
èmi tí mò ń gbá ìṣó jọ lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́,
tí mò ń yọ ọ́ lábẹ́ ẹní, nínú bàtà ọmọ,
tí mo ti bá ọ̀kan pàdé rí nínú ẹ̀kọ tútù?

Kò bá mi rẹ́rìn-ín.
Ó ní oyún oṣù márùn-ún kì í tọrọ, ńṣe ló ń jà gbà.
Ó ní ohun tí mò ń pè ní ọ̀lẹ, ó lórúkọ:
èémí tó ń já lórí àtẹ̀gùn mẹ́ta péré,
àyà tó ń lù kìkì bí ẹ́ńjìnnì tí omi wọ̀,
yìnyín tí mò ń rún lóru,
àti amọ̀.
Mo dojú bolẹ̀. Ta ló sọ fún un nípa amọ̀?
Ara ògiri ẹ̀yìnkùlé ni mo ti ń ha á,
lẹ́yìn òjò, nígbà tí òórùn rẹ̀ bá dìde
tó sì pè mí ní orúkọ tí bàbá mi nìkan ń pè mí.

Ó ka oògùn sínú ọ̀rá fún mi:
pupa, róbótó, kò ju ẹ̀wà lọ.
"Ọ̀kan lóòjọ́. Má fi tíì lé e, tíì a máa gbà á lọ́wọ́ ara.
Ọsàn ni kí o mu sí i.
Ìgbẹ́ rẹ yóò dúdú. Má sá."

Ìyá ọkọ mi rí ọ̀rá náà kí n tó ríbi fi í sí.
Àlàájà Sáfúrátù kì í pariwo,
ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló ń bani lẹ́rù.
"Oògùn yẹn a máa sọ ọmọ di ràbàtà.
Ṣé abẹ lo fẹ́ kí wọ́n fi gbà á lára rẹ?"

Mo rì í mọ́ inú agolo gààrí.
Alaalẹ́ ni mò ń yọ́ lọ sí ilé ìdáná bí olè,
mo gbé ìṣó kékeré pupa kan mì.
Ahọ́n mi ń ta bí ọjọ́ tí mo lá kọ́kọ́rọ́ ní kékeré.
Irin dénú, inú ń rìn mí.

Lọ́jọ́ kẹta, dúdú dé, dúdú bí ọ̀dà ìdí ọkọ̀.
Wọ́n ti sọ fún mi. Mo sá síbẹ̀.
Ọ̀sẹ̀ kan gbáko, n kò ṣí agolo.
Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo ṣubú létí omi, tèmi ti garawa,
tí òòlù fi já bọ́ lọ́wọ́ Múfútáù sínú ọ̀sà.
Òòlù bàbá rẹ̀ ni. A kò rí i di òní.

Lóru, Àlàájà wọlé, kò tanná,
ó jókòó síbi ẹsẹ̀ mi.
Ó ní òun ní àbúrò kan rí, Rámọ́tà,
tó fẹ́ràn amọ̀ bíi tèmi.
"Ọjọ́ tó bímọ, ẹ̀jẹ̀ tó jáde kò pọ̀.
Kò pọ̀ rárá, Síkírá.
Èyí tó kù nílé ni kò tó."
Ọkọ̀ kan kọjá lójú omi,
a jọ ń gbọ́ ọ títí ohùn rẹ̀ fi tán.
Ó wá na agolo gààrí sí mi.
"Láti ọjọ́ kìíní ni mo ti mọ ibẹ̀. Mo ń kà á.
Méje lo jẹ gbèsè.
Má san án lẹ́ẹ̀kan. Gbé ọ̀kan mì, kí o sùn."

Ní báyìí òun ló ń bó ọsàn fún mi,
òun ló ń lé tíì kúrò níwájú mi bí adìyẹ.
Ṣùgbọ́n kò jẹ́ gbà pé nọ́ọ̀sì mọ nǹkan kan:
ẹ̀fọ́ ṣọkọ òun ló ń ṣiṣẹ́, ó ní.

Múfútáù ń fi òòlù àyálò kan ọkọ̀ tuntun.
Mò ń gbọ́ ọ láti orí ibùsùn: kó, kó, kó.
Ìṣó kan, pákó méjì dì mọ́ra.
Ìṣó kan, omi ò ráyè.
Mo gbé tèmi mì.
Inú ń rìn mí díẹ̀. Ọmọ yí padà,
ó ta mí nípàá lẹ́gbẹ̀ẹ́
bí ẹni tó ń dán pákó wò.