Èéfín Ẹ̀gbà

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé ó tán.
Èmi ni mo dáná sun ún.
Ogún ọdún ó lé méjì ni mo fi yan ẹja létí ọ̀sà Àjàṣẹ́,
igi ẹ̀gbà ni, n kò lo igi mìíràn:
kì í ta pàrà, kì í ta ni lójú,
a máa kun ẹja lára pupa
bí ẹni fi osùn kun ọmọ tuntun.
Ìyá ọkọ mi ló kọ́ mi.
Ó ní, “Ẹja tí ẹ̀gbà bá yan, oníbàárà á padà wá.”
Wọ́n padà wá.
Wọ́n ń padà wá títí ẹ̀gbà fi tán.

Tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ a dúró lójú omi
bí àgbà tó ká aṣọ sókè kó má baà tutù.
Ẹnì kan gé ẹ̀ka. Ẹnì kan gé ẹsẹ̀.
Ọmọ mi Ṣàkírátù wá gbé akàn kan dé, kò tó ìka mi,
ó ní, “Ìyá, níbo lèyí ń sùn?”
Mo yíjú sí ààrò.
Igi tó ń jó níbẹ̀ ṣì ní ìkarahun ìṣáwùrú lára.

Ìpàdé náà kò dùn, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.
Abẹ́ igi odán lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí la jókòó sí,
Yorùbá lápá kan, Ẹ̀gùn lápá kejì,
kálukú ń fa ẹ̀bi lókùn lọ sílé ẹnì kejì.
Bàbá Sẹ̀tónjì na àwọ̀n ayé àtijọ́ sílẹ̀,
ó ki àtàǹpàkò bọ ojú rẹ̀, ó yọ lódìkejì.
Ó wá mú ti ìsinsìnyí,
àwọ̀n tí a fi ń lé ẹ̀fọn lórí ibùsùn,
ó ní kí ẹni tó bá lè ki ìka bọ̀ ọ́ dìde.
A ò dìde.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe pín òru mọ́ra wa lọ́wọ́.
Èmi àti Dósì, ọkọ̀ kan, àtùpà kan, gbogbo Àlámísì.
Òru kẹta la gbọ́ omi tó ń mí
bí omi kì í ṣeé mí.
Mo gbé àtùpà sókè.
Wàídì ni, àbúrò ọkọ mi,
ẹni tó ru àpótí mi wọlé lọ́jọ́ tí mo di ìyàwó.
Àwọ̀n náà funfun lọ́wọ́ rẹ̀ bí aṣọ òkú,
ó kún fún ẹpìà tí kò tíì mọ̀ pé ẹja ni òun.
Ó ní, “Ìyàwó wa, pa iná yẹn.”
Dósì kò wò mí. Omi ló ń wò.
N kò pa á.

Oṣù méjì ni ilé ọkọ mi kò fi bá mi jẹun.
A gé àwọ̀n náà, a fi ṣọgbà yí ọmọ ẹ̀gbà ká,
nítorí ewúrẹ́, àti nítorí ojú oró:
wọ́n ní òun ní í lékè omi, n kò jiyàn,
ṣùgbọ́n ó fẹ́ lékè igi mi pẹ̀lú.
Ogójì ni mo gbìn. Mọ́kànlá ló yè.
Mo mọ̀ wọ́n níkọ̀ọ̀kan bí eyín ẹnu mi.

Igi máńgòrò ni mo fi ń yan ẹja báyìí, owó ni mo fi ń rà á ní Wàńdó.
Èéfín rẹ̀ korò.
Oníbàárà mi kan láti Kútọnu ju ẹja sílẹ̀,
ó ní ọwọ́ mi ti yí padà.
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó ti yí padà.

Láàárọ̀ àná Wàídì dúró létí omi, kò kí mi.
Ó bẹ̀rẹ̀, ó so okùn ọgbà kan tó já,
ó bá tirẹ̀ lọ.
Ká tó mí, Ṣàkírátù ti sáré dé:
akàn kan ti gbẹ́ ihò sábẹ́ igi kẹsàn-án.
Ó ní òun kò fọwọ́ kàn án.
Ó ní ó ń sùn.