Ohun Tí Epìyà Ń Ṣe Lábẹ́ Afárá

Nísàlẹ̀ afárá Láfẹ́nwá, lẹ́yìn tí rélùwéè ti kọjá,
mo so fóònù tí ojú rẹ̀ ti là mọ́ ọ̀pá,
mo fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta, mo fi rọ́bà dì í lọ́rùn,
mo tì í bọ odò Ògùn
bí ẹni ń ti ọwọ́ bọ àpò ẹni tó sùn.

Àbúrò bàbá mi, Ṣówándé, kò lè sọ̀kalẹ̀ mọ́.
Orúnkún rẹ̀ ti di ilẹ̀kùn tó há.
Ó jókòó sórí táyà lókè, ó ń bi mí, "Kí lo rí?"
Mi ò tíì rí nǹkan kan.
Omi rí bíi tíì tí wọ́n gbàgbé sínú ife láti àná.

Ogún ọdún ló fi da ìwọ̀ sódò yìí.
Ìjẹ rẹ̀ kì í ṣe ekòló;
ó ní ekòló máa ń ba ọwọ́ aránṣọ jẹ́.
Sílípà pupa ló ń gé, tín-ín-rín bí èékánná ọmọdé,
á fi ìyẹ́ adìẹ ṣe ìrù fún un,
á fi bébà dídán inú páálí sìgá ṣe ikùn,
á gbé e sókè sí oòrùn: "Wò ó. Ó kù kó mí."

Ọ̀pọ̀ ọjọ́, òfo ló ń gbé bọ̀ wálé.
Ìbíwùnmí ìyàwó rẹ̀ á ti gbé epo kaná,
á tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀.
"Odò yẹn ò lẹ́ja mọ́," ni ọkọ á wí,
"àwọn tó ń wa yanrìn ti lé wọn lọ."

Ẹ gbọ́ ohun tí fóònù rí.

Ìjẹ ń rọ̀ wálẹ̀ bí ewé.
Epìyà kan yọ látẹ̀yìn òpó afárá, kò sáré.
Ó dúró níwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan sí i,
lẹbẹ rẹ̀ ń fẹ́ omi wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
ojú kan ń wo sílípà, ojú kejì ń ṣọ́ ayé.
Mo fa okùn díẹ̀: ó fò sẹ́yìn.
Mo dáwọ́ dúró: ó tún padà wá.
Mo gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, bí àgbà ṣe kọ́ mi,
ó yí ìdí padà
bí oníbàárà tó gbọ́ iye ọjà.

Ìgbà tó yá, wọ́n di márùn-ún, wọ́n di mẹ́sàn-án.
Kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò,
kò sì sí èyí tó fẹ́ kí ẹnìkejì jẹ ẹ́.
Ni ọ̀kan tó tóbi, tí etí ìrù rẹ̀ ti ya,
bá gba abẹ́ rẹ̀ yọ, ó gbójú sókè, ó la ẹnu.
Kò gé e jẹ o. Omi ló fà mu,
sílípà bá omi wọlé, tìwọ̀ tìyẹ́.
Pẹ́ẹ́!
Ó ti tu ú dànù kí n tó ṣẹ́jú.
Lókè, kóòkì kò mì.
Kò sọ fún ọwọ́ mi bóyá ẹja ni tàbí àkàn.

Mo gun òkè lọ fi hàn án.
Ó gbé fóònù sún mọ́ imú,
ó wò ó títí dé ibi tí ẹja ti tu sílípà.
Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń fọn fèrè lórí afárá. Kò gbójú sókè.
"Dá a padà."
Mo dá a padà.
"Tún dá a padà."

"Wọ́n ń wá," ló wí. "Gbogbo ìgbà yẹn.
Wọ́n ń wá, wọ́n ń tọ́ mi wò."
Ó dákẹ́. Ó fi ọwọ́ ra orúnkún.
"Àbí iyọ̀ ni kò tó?"

Lẹ́yìn náà ló fa abẹ yọ nínú àpò, ó wo ẹsẹ̀ mi:
"Bọ́ ti òsì yẹn. Pupa ni wọ́n ti mọ̀."

Ọ̀dà gbóná lọ́jọ́ náà.
Ẹsẹ̀ kan nínú sílípà, ẹsẹ̀ kan lásán,
mo ń tiro lọ sí Àgó-Ìkà.