Ohun Tí Ògbufọ̀ Kò Túmọ̀

Nínú àpótí bàbá ìyá àgbà mi, l'Ókè-Àró, Àkúrẹ́,
lábẹ́ ìwé owó-orí àti fìlà tí kòkòrò ti jẹ létí,
mo bá ìwé kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ.
Fámákinwá ló kọ ọ́, ògbufọ̀ Òyìnbó
láyé ìgbà tí Ìdànrè ṣì ń gbé lórí òkè.

"Hátílì lorúkọ ọ̀gá mi.
Àwọn ọmọdé sọ ọ́ ní Abéèrè-má-sinmi.
Ta ló bí ọ? Ta ló bí ẹni tó bí ọ?
Kí lẹ ń sọ sókùú létí kẹ́ ẹ tó gbé e?

Aláàárù mẹ́rin ló ru ẹ̀rọ rẹ̀ gun òkè,
ẹ̀rọ tí ń gbé ohùn sórí ìda.
Ọ̀kan yọ̀ lórí àpáta, ìda mẹ́fà fọ́.
Oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ yọ́ ìyókù bí òrí inú àwo.
Ó ku ẹyọ kan.

Ẹyọ kan náà la gbé dé ọ̀dọ̀ Yèyé Oyèfúnkẹ́,
tí ọkọ rẹ̀ kú níjẹta.
'Kó tún sun ẹkún àná,' ni Hátílì wí,
'kó sún mọ́ ẹnu ẹ̀rọ.'
Mo sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Ojú tì mí.

Yèyé wo ẹ̀rọ. Ó wò mí.
'Ìwọ ọmọ Àkúrẹ́ yìí,
ẹkún kì í ṣe ọbẹ̀ àná tí à ń gbé kaná.
Bó bá fẹ́ gbọ́ ọ, kó wá jókòó tì mí
títí yóò fi dé fúnra rẹ̀.'

'Kí ló wí?'
Mo ní, 'Ọ̀fun ń dùn ún.'

Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Mo rí i tó kọ ọ́.
Oṣù méje, ohun tó kún ìwé rẹ̀ nìyẹn:
ẹni tí ọ̀fun ń dùn, ẹni tó lọ oko, ẹni tí kò mọ̀.
Lóru, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ya ìwé.
Nígbà tí ibà dá a dùbúlẹ̀, àga la fi gbé e sọ̀kalẹ̀.
Ó di ọwọ́ mi mú:
'Fámákinwá, mi ò rí nǹkan kan gbà.'
Mi ò fèsì."

Ojú ewé tó tẹ̀ lé e funfun, òmíràn funfun,
àfi èyí tó kẹ́yìn:

"Mo padà sọ́dọ̀ Yèyé lẹ́yìn ọdún kan.
Mo jókòó. Nígbà tó ṣe, ó sunkún.
Mi ò kọ ọ́."

Èmi náà ní ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ lápò,
iṣẹ́ ìwádìí tí yunifásítì ń retí.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti bi ìyá àgbà léèrè nípa bàbá rẹ̀.

Ọ̀fun ń dun òun, ó ní.